Òbúkọ Tí Ìyá Àgbà Fi Sílẹ̀

Kí ìrẹsì fìdáù ọjọ́ kẹjọ tó jinná, wọ́n ti pín ewúrẹ́ Ìyá Àgbà tán. Àwọn ẹbí rẹ̀ tó wá láti Ìwéré-Ilé mú tiwọn, ilé ọkọ rẹ̀ ní Ṣakí mú tiwọn, kódà obìnrin kan tí a kò rí rí láyé wa, tó ní òun máa ń bá a já ewé ọdán nígbà kan, fa abo kékeré kan lọ. Wọ́n pín abo, wọ́n pín ọmọ, wọ́n pín òdá, wọ́n pín okùn. Ohun kan ṣoṣo ni kò rí ẹni tó fẹ́ ẹ: òbúkọ dúdú tí wọ́n so mọ́ ìdí igi ọdán lẹ́yìn ilé. Ó dúró síbẹ̀, ó ká ètè sókè, ó ń rùn.

Baálé agbo-ilé wa, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Àgbà, dá ẹjọ́ rẹ̀ láti orí àga. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá lónìí, kó rí ààyè sanra, ká rí nǹkan fi ṣe sàárà ogójì ọjọ́." Gbogbo ènìyàn ní ọ̀rọ̀ náà dára. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tẹ ẹran lọ́dàá, ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè ní ṣebí òbúkọ lásán ni. Òbúkọ yẹn ló kù nínú irú ẹran tí ìyá Ìyá Àgbà fà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ. Kò tún sí akọ mìíràn tó pé akọ ní àdúgbò wa. Àwọn abo tí wọ́n pín yẹn, ọjà àti ìkòkò ọbẹ̀ ló ń dúró dè wọ́n. Bí wọ́n bá tẹ eléyìí, irú yẹn parẹ́ nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó láàárín àwọn alùfáà pẹ̀lú agbádá funfun báláú, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí Ìyá Àgbà jẹ́ fún yín kí ọkùnrin yẹn tó dé.

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Olóbúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ṣe rí ládùúgbò wa nìyí: gbogbo ilé ló ń sin ewúrẹ́, gbogbo ilé ló fẹ́ kó bímọ, ṣùgbọ́n kò sí ilé tó fẹ́ òbúkọ. Òbúkọ a máa rùn. A máa tọ̀ sí irùngbọ̀n ara rẹ̀, a sì wá fi nu ògiri onílé. Nítorí náà, bí akọ bá ti ń gbó bọ̀, wọn a tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Òdá kì í rùn, òdá a máa sanra, òdá a sì máa tà. Ìyá Àgbà nìkan ló máa ń fi ọ̀kan sílẹ̀ bí Ọlọ́hun ṣe dá a. Ewúrẹ́ gbogbo ilé a wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, wọn a rí ohun tí wọ́n wá wá, wọn a padà sílé wọn lọ bímọ. Olówó wọn a ní Ọlọ́hun ló ṣe é. Ọlọ́hun ló ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri ta ni òórùn rẹ̀ wà?

Àwọn tí ẹran wọn ń bí ìbejì láti ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ni wọ́n máa ń fi ìborùn di imú tí wọ́n bá ń kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Baálé dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó di imú, ó fi ẹnu kí i pé, "Ẹ kú òórùn o, Ìyá Olóbúkọ!" Ìyá Àgbà ń tú ewé lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "O ṣeun, ìyàwó. Bá mi kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà nílé rẹ."

Bí àwọn kan ṣe máa ń sọ ajá wọn lórúkọ láti fi sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, òbúkọ ni Ìyá Àgbà fi ń ṣe tirẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ń jẹ́ Ẹ-mú-mọ́ra. Èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ Ojú-ò-tì-wọ́n. Ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Kò-kàn-yín ló wà lórí oyè. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí Baálé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, tí wọ́n ń tú ìṣòro ayé palẹ̀, Ìyá Àgbà a dúró lójú pópó, a fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, a ké tòò: "Kò-kàn-yín o! Kò-kàn-yín!" Baálé fi ẹjọ́ sùn Alùfáà. Alùfáà wá, ó bẹ Ìyá Àgbà kó yí orúkọ náà padà. Ìyá Àgbà ní òun ti gbọ́, òun ò sì ní àríyànjiyàn, kí Alùfáà ṣáà bá òun sọ fún òbúkọ náà, torí òun ló ń jẹ́ ẹ. Alùfáà bojú wẹ̀yìn kó lè rí òbúkọ ọ̀hún. Ewúrẹ́ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó ti wá láti àárọ̀. Alùfáà ní, "Orúkọ kì í pa ènìyàn," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé ó kàn ń mú akọ tó bá rí. Wò ó, bí àwọn ilé ńlá ṣe ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó gba ìyàwó, ìwádìí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn àsárì, a jókòó sórí àpótí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, a máa wo àwọn ọmọ ẹran. Kì í mú èyí tó tóbi jù. Ó ní èyí tó tóbi jù lọ ló ń ta àwọn yòókù nù lẹ́nu ọmú. Ó ń wo pátákò, ó ń wo eyín, ó ń wo ọmú ìyá rẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta, a di òbúkọ tirẹ̀ mẹ́yìn mọ́tò lọ sí Ìwéré-Ilé, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí òun náà ń sin irú ẹran ìyá wọn, wọn a fi òbúkọ ṣe pàṣípààrọ̀, kí baba má baà máa gun ọmọ. Kò sí ìwé tó kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ènìyàn náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wò wọ́n. Nígbà tí mo dàgbà tí mo mú ọkọ mi wálé láti Ìsẹ́yìn, Baálé yan àwọn àgbà mẹ́ta pé kí wọ́n lọ wádìí ìdílé rẹ̀, bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá wọ́n ń jalè. Àwọn àgbà lọ, wọ́n jẹ iyán ọjọ́ méjì, wọ́n dé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán, wọ́n ní ìdílé náà mọ́ tónítóní. Ìyá Àgbà kò rán ẹnikẹ́ni. Ó na okùn sí ọmọkùnrin náà, ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, bá mi fa òbúkọ yẹn wá síbi ibòji." Ẹ̀wù àrán ló wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí. Ó fà á dé ibòji, ó so ó, ó wo igbá omi, ó rí i pé ó gbẹ. Ó lọ pọn omi sínú igbá fún òbúkọ, lẹ́yìn náà ló tó béèrè omi tí yóò fi fọ ọwọ́. Ìyá Àgbà yíjú sí mi. Ó ní, "Àṣàkẹ́, fẹ́ ẹ. Ó fún ẹran lómi kó tó fọ ọwọ́."

Ṣé mo ti sọ pé Ìyá Àgbà kò bímọ rí? Kò bí. Ọkọ rẹ̀ tìtorí ẹ̀ fẹ́ ìyàwó kejì, ìyẹn ló bí bàbá mi, kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, ìyá ọmọ ti kú. Àwọn obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ nílé ń bẹ̀rù ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, kò sí ẹni tó fẹ́ fún un lọ́mú. Wọ́n ní Baálé, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, ló sọ pé kí wọ́n máa múra sílẹ̀, ọmọ náà ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà mú ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú irú ẹran ìyá rẹ̀, ó há a sáàárín ẹsẹ̀, ó fún wàrà rẹ̀ sínú igbá, ó gbé e kaná, ó sì ń fi òwú kán an sí ọmọ lẹ́nu, lọ́sàn-án, lóru, ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àgàn ti ya wèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ kò kú. Lásísì ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn ọmọdé agbo-ilé ní Ọmọ Ewúrẹ́ lorúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e dé ilé ìwé.

Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí bàbá mi fi fẹ́ràn ọṣẹ tó bẹ́ẹ̀. N kò tíì rí ọkùnrin tó ń wẹ̀ bíi tirẹ̀. Ó wẹ̀ láàárọ̀, ó wẹ̀ lọ́sàn-án, ó da pàúdà sọ́rùn. Nígbà tó di tísà, ó kọ́lé sí òdìkejì ìlú, nítòsí ilé ìwé rẹ̀, adìyẹ kò sì gbọdọ̀ wọ ọgbà náà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá kí Ìyá Àgbà àti èmi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ wá, kò yẹ̀ ẹ́ rí, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. "Ìyá" ló ń pè é. Mi ò gbọ́ kó pè é ní "Ìyá mi" níwájú ènìyàn rí.

Baálé ní tirẹ̀ bímọ. Háà, Baálé bímọ! Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ bẹẹrẹ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó na ọ̀pá sí ọmọkùnrin kan tó ń ta òkòtó níwájú ilé, tó jágbe mọ́ ọn pé, "Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?" Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ọmọ yín ni, Baba." Mo sáré lọ ròyìn fún Ìyá Àgbà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Kò-kàn-yín náà kò mọ ọmọ tirẹ̀. Àmọ́ òun kò ní ká máa pe òun ní Baálé."

Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ló hó jáde lọ́dún tí òbúkọ Ìjọba dé. Ìgbà yẹn owó epo pọ̀ lọ́wọ́ Ìjọba, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Wọ́n kó òbúkọ kan wá láti òkè òkun, etí rẹ̀ gùn bí ewé kókò, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ tó ní ìbòrí. Ọkùnrin kan tó le gbandi nínú kakí wá pẹ̀lú rẹ̀, a ń pè é ní Ọ̀gá Ẹran. Ọmọ Yorùbá ni, Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ Ìjọba kò ṣeé fi Yorùbá ṣe. Òyìnbó ló ń sọ, bàbá mi ló ń túmọ̀, ó sì tún ń kọ orúkọ sínú ìwé ńlá. Ilé Baálé ni wọ́n fi òbúkọ náà sí. Baálé kọ́ ilé onípáànù fún un. Òjò ṣì ń rọ̀ sórí ibùsùn ìyàwó rẹ̀ kẹta nígbà yẹn, ṣùgbọ́n òbúkọ Ìjọba sùn síbi gbígbẹ.

Wọ́n pe gbogbo wa sábẹ́ igi ọdán. Ọ̀gá Ẹran sọ pé ẹran wa kéré, pé irú wa kò dára. Bàbá mi túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Baálé ń mi orí, ó ní òtítọ́ ni. Ọ̀gá Ẹran ní láti òní lọ, òbúkọ Ìjọba nìkan ni yóò máa gun ewúrẹ́ àdúgbò. Gbogbo akọ yòókù, ní Ṣakí àti ní àwọn ìlú àyíká, àwọn yóò tẹ̀ wọ́n lọ́dàá lọ́fẹ̀ẹ́, kí irú burúkú lè parẹ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ nítorí "lọ́fẹ̀ẹ́" yẹn. Ìyá Àgbà dìde lẹ́yìn, ó káwọ́ lẹ́yìn.

"Ẹ bá mi bi Ọ̀gá," ó ní. "Òbúkọ wọn yìí, ṣé ó ti bímọ rí?"

Bàbá mi túmọ̀. Ọ̀gá Ẹran fa bébà kan yọ nínú àpò, ó ní òbúkọ náà ní ìwé.

"Mo béèrè ọmọ," ni Ìyá Àgbà wí, "wọ́n ní ìwé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú ti Baálé níwájú àlejò rẹ̀. Inú bí i, ó na ọ̀pá, ó ní, "Jókòó! Ìwọ tí o kò bí rí, kí lo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ irú?"

Ẹ̀rín dá. Ọjọ́ yẹn ni èmi kọ́kọ́ gbọ́ pé Ìyá Àgbà kò bímọ. Mo wò ó, mo wo bàbá mi, ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Bó bá jẹ́ pé kò bí, ta ló wá bí bàbá mi? Bàbá mi ni Ìyá Àgbà kọjú sí, níbi tó jókòó sí pẹ̀lú gègé lọ́wọ́. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Lásísì, ṣé o jẹun láàárọ̀ yìí?"

Kò sí àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ tí kò mọ ohun tó ń bi í. Wọ́n mọ irú ẹran tí wàrà rẹ̀ tọ́ ọ dàgbà. Ohun tó ń dúró dè kò ju "Mo jẹun, Ìyá mi" lọ. Bàbá mi wo Ọ̀gá Ẹran, ó wo àwọn tísà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó doríkọ ìwé ńlá náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi rúlà fa ìlà. Ìyá Àgbà dúró títí ó fi fa ìlà kan tán, tó fa ìkejì. Lẹ́yìn náà ó gbá iyanrìn nù lára ìró rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, a lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn ẹlẹ́mùú-irin, àwọn ọkùnrin Ìjọba tó ń fi ẹ̀mú tẹ ẹran lọ́dàá, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ẹran ń ké káàkiri àdúgbò. Ìyá Àgbà fa Kò-kàn-yín wọ yàrá rẹ̀, ó tì í sábẹ́ ibùsùn, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Èmi náà jókòó tì í. Ooru mú, ilẹ̀kùn tì. Òórùn ọjọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́. Ọ̀gá Ẹran dé, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó gbé e padà. Ó fi aṣọ ìnujú bo imú àti ẹnu, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbàgbé Òyìnbó. Ó ní, "Yéè! Tísà, wọlé lọ wò ó!"

Bàbá mi wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ibùsùn. Kò-kàn-yín wò ó. Bàbá mi dìde, kò wo Ìyá Àgbà, kò wo èmi, ó jáde síta. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́." Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀gá Ẹran fọwọ́ sí i láti òdìkejì ọ̀nà.

Mo di mọ́ Ìyá Àgbà, mo ń fò. Mo ní, "Ìyá Àgbà, bàbá mi gbà wá!" Ó fa òbúkọ náà jáde, ó nu òwú aláǹtakùn kúrò lórí ìwo rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ̀ dáhùn. Mo mọ̀ pé ó jẹun, èmi ni mo fún un jẹ. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Òbúkọ Ìjọba ní tirẹ̀ kò gun nǹkan kan. Búrẹ́dì ló ń jẹ. Wọ́n fa ewúrẹ́ tọ̀ ọ́ wá, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ewúrẹ́ náà yíjú. Oòrùn wa mú un, eṣinṣin wa mú un, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀, ó kú. Baálé sin ín pẹ̀lú aṣọ funfun, bí mo bá parọ́, ẹ bi àwọn ará ilé wa. Wàyí o, kò sí akọ mọ́ láti Ṣakí dé Ìwéré-Ilé, torí àbúrò Ìyá Àgbà náà ti gbọ́ràn sí Ìjọba lẹ́nu. Àfi ọ̀kan ṣoṣo, òun náà sì ti di òdá nínú ìwé.

Ni ẹsẹ̀ bá pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, obìnrin á wá pẹ̀lú ewúrẹ́, á ní òun wá tọrọ iná. Ìyàwó kékeré Baálé wá tọrọ iná lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ kan. Mo ní kí Ìyá Àgbà lé e. Ó ní, "Kí ni ewúrẹ́ mọ̀ nínú ìjà wa?"

Ọmọ ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ káàkiri àdúgbò, dúdú minimini, pẹ̀lú àmì funfun níwájú orí, bíi Kò-kàn-yín gẹ́lẹ́. Ọ̀gá Ẹran padà wá, ó kà wọ́n. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé gbogbo akọ àdúgbò ti di òdá nínú ìwé tirẹ̀, ọmọ òbúkọ Ìjọba ni gbogbo wọn. Ó kọ ọ́ pé oòrùn Òkè-Ògùn ló sọ wọ́n di dúdú, òun náà ló bu etí wọn kù. Wọ́n gbé e lọ sípò gíga. Wọ́n fún Baálé ní sátífíkéètì nítorí iṣẹ́ takuntakun lórí irú ẹran, ó gbé e kọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Gbogbo ènìyàn lọ bá a yọ̀. Ìyá Àgbà náà lọ, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Baálé, ẹ kú ewu o. Ẹ kú ewu ọmọ." Òbúkọ tó gba oyè lẹ́yìn Kò-kàn-yín, Ẹ-kú-ewu ló sọ ọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń fún gbogbo òbúkọ rẹ̀ ní orúkọ yẹn; èyí tó gbẹ̀yìn ni wọ́n so mọ́ ìdí ọdán lọ́jọ́ fìdáù.

Ọyẹ́ ló pa Ìyá Àgbà, Ọlọ́hun kó foríjì í. Kò ṣàìsàn pẹ́. Ní Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn, bàbá mi wọ inú yàrá, kò dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ohùn Ìyá Àgbà ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "Lásísì, ṣé o ti jẹun?" Bàbá mi tún aṣọ bò ó. Ó ní, "Ẹ sinmi, Ìyá." Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí láàárín wọn nìyẹn. Inú bí mi sí bàbá mi fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, n kò sì fi pa mọ́.

Lẹ́yìn àsárì ọjọ́ fìdáù yẹn, ọkùnrin tó ń tẹ ẹran lọ́dàá dé pẹ̀lú ẹ̀mú rẹ̀. Baálé fi ọ̀pá tọ́ka sí ìdí ọdán. Mo ti dìde, mo fẹ́ lọ tú òbúkọ náà fúnra mi, bí ọkọ mi tilẹ̀ ti ń mi orí sí mi pé ibo la máa fi í sí nínú yàrá kan ṣoṣo tí a háyà ní Ìsẹ́yìn. Mo rí agbádá funfun kan tó kọjá níwájú mi. Bàbá mi ni. Ó ti dé ìdí ọdán, ó ti ń tú okùn.

"Tísà, kí lò ń ṣe?" ni Baálé pariwo. "Agbádá rẹ!"

"Mo ń mú un lọ sílé ni."

"Sílé wo? Ilé rẹ tí adìyẹ kò gbọdọ̀ wọ̀?"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ-kú-ewu fi irùngbọ̀n nu agbádá bàbá mi láti òkè délẹ̀, ó fi ìlà kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀ lára rẹ̀. Bàbá mi kò yẹra.

Baálé rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gba ènìyàn lọ́wọ́ ìtìjú. Ó ní, "Lásísì, gbọ́. Kò sí ẹni tó máa bá ọ wí. Kò pọn dandan fún ọ. Kì í kúkú ṣe òun ló bí ọ."

Àwọn alùfáà dẹ́kun jíjẹ ìrẹsì. Bàbá mi kò wo Baálé. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá Ìyá Àgbà, tó wà ní títì láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Tísà tó ti fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ sókè, ohùn rẹ̀ kò kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ó jáde, gbogbo agbo-ilé sì gbọ́ ọ.

"Mo jẹun, Ìyá mi. Mo jẹun láàárọ̀."

Ó fa òbúkọ náà gba iwájú Baálé kọjá, ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀, ó tì í sórí àga ẹ̀yìn. Títí di òní, ilé bàbá mi ń rùn.